Tẹ̀lé Ọkọ́, Wàá Rí Ẹyẹ

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ti lọ, tí ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kánáàlì Òkè-Àfá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, àwọn àlejò kan máa ń dé sí Ìsọlọ̀ ní Èkó tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kí káàbọ̀, nítorí a ò mọ̀ pé wọ́n dé. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń bà sí, ṣùgbọ́n wọn ò bá ibẹ̀ wọlé. Apá wọn ni wọ́n fi la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti ilẹ̀ Yúróòpù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn lórí ilẹ̀ oko wa ni ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 17. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ ti eérú, àyà àti ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì ń mì ín sókè sódò ní gbogbo ìgbà tó bá wà nílẹ̀. Yellow wagtail lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹyẹ. Láàárín àwa tí a jọ ń wo ẹyẹ, amìrù la ń pè é, orúkọ yẹn náà ni màá sì máa lò.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹyẹ wíwò máa ń bi mí pé níbo ni wọ́n ti lè rí ẹyẹ ẹ̀ẹ̀rùn ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí ilé ti fara ti ilé, tí ọjà àti ọkọ̀ ti gba gbogbo ilẹ̀. Wọ́n á ti ra awò-awọ̀nàjíjìn, wọ́n á ti ra ìwé, ojú ọ̀run ni wọ́n sì ń wò. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn kò ju ọ̀kan lọ: ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀ ná, ẹ lọ wá ọkọ́. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń tú ilẹ̀, tó ń bomi rin ín, tó ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ibẹ̀ ni àlejò tí ẹ ń wá wà.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Amìrù kì í jẹ ọkà. Kòkòrò loúnjẹ rẹ̀: eṣinṣin, ìdin, aláǹtakùn, àti àwọn kòkòrò abìyẹ́ kéékèèké. Ẹnu rẹ̀ tínrín, kò lè fi gbẹ́ ilẹ̀ líle, kò sì lè fi ẹsẹ̀ walẹ̀ bí adìyẹ ti ń ṣe. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a ṣí ilẹ̀. Ní pápá ilẹ̀ Yúróòpù, màlúù ló ń bá a ṣe é. Bí màlúù ṣe ń tẹ koríko ni kòkòrò ń sá jáde. Lókè Ọya pẹ̀lú, ẹ̀yìn agbo màlúù lẹ máa sábà bá a. Ṣùgbọ́n ní Ìsọlọ̀, ọkọ́ àti kẹ́ẹ̀nì ìbomirin ló ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀ ẹ̀fọ́ kan lówùúrọ̀, kí ẹ wo bó ṣe ń lọ. Àgbẹ̀ á kọ́kọ́ kọ bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ gbọọrọ tí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Á da ìgbẹ́ adìyẹ lé e, á sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ erùpẹ̀. Kò ní pẹ́ tí eṣinṣin á fi bo ibẹ̀. Amìrù kan á balẹ̀ sójú ọ̀nà tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì. Á sáré díẹ̀, á dúró, á mi ìrù, á tún sáré. Kì í tọ bí ológoṣẹ́ ti ń tọ. Ó ń rìn ni, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, orí rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn. Bí eṣinṣin bá gbéra, òun náà á fò sókè díẹ̀, á há a, á sì padà sílẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń sún síwájú ni ẹyẹ náà ń sún tẹ̀ lé e, bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́jà tí kò fẹ́ kí àlàfo àárín wọn pọ̀ jù. Nígbà tí àgbẹ̀ bá wá gbé kẹ́ẹ̀nì, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọyòkòtò, kòkòrò tó ti sá sábẹ́ ewé á tún jáde. Àsìkò yẹn ni amìrù máa ń pọ̀ jù lórí ilẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe ń ní kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ilẹ̀ kó tó wo ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ dára ju èyí tí ẹ̀fọ́ ti bò lọ. Ibi tí wọ́n ti fa ẹ̀fọ́ tà lánàá dára gan-an, torí ilẹ̀ ti ṣí, omi sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ewédú tó ti ga kò gba amìrù, nítorí ẹyẹ yìí fẹ́ máa rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ìtàkùn ugwu náà kò gbà á. Ilẹ̀ tí igbó ti bò kò sì wúlò fún un rárá. Ibẹ̀ dẹrùn fún ẹlúlùú àti ẹ̀gà, tí wọ́n jẹ́ onílé. Bí ẹ bá ti mọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa kọ lọ́la, ẹ ti mọ ibi tí ẹyẹ máa wà lọ́la.

Àsìkò ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ máa ń bomi rin ilẹ̀ láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, kí oòrùn má bàa fa omi náà gbẹ. Àsìkò méjì yẹn náà ló dára fún wa. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ wọ Èkó dáadáa, tí ojú ọ̀run funfun báláú, ẹ má kánjú. Òtútù àárọ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè gbéra, ẹyẹ náà kì í sì í yá jáde. Ẹ jẹ́ kí oòrùn la kùrukùru díẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí àwọ̀ ẹyẹ lè hàn sí yín. Ẹ fi ojú lásán wá ohun tó ń mì kí ẹ tó gbé awò sójú, nítorí ibi kékeré ni awò ń fi hàn, ẹyẹ sì lè wà nítòsí ẹsẹ̀ yín. Ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí amìrù bá gbéra, yóò ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn tínrín tó fà díẹ̀, yóò sì máa lọ sókè sódò nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń fò. Ẹni tó bá ti mọ ohùn yẹn yóò máa gbọ́ ọ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ má lé ẹyẹ káàkiri. Ẹ yan ibì kan, ẹ dúró, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni yóò darí ẹyẹ sọ́dọ̀ yín. Kí ẹ sì tó dúró, ẹ kí onílẹ̀. Kò yẹ ká wọ oko olóko láìkí i, pàápàá pẹ̀lú ohun èlò tó jọ ti ọlọ́pàá lọ́rùn. Ní agbègbè yìí, ọ̀rọ̀ náà ju ìwà ọmọlúàbí lọ. Pápákọ̀ òfurufú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mafolúkù àti Àjàó, àwọn ológun sì ní ilẹ̀ ní Òṣòdì. Koríko gígé inú pápákọ̀ máa ń fa ẹyẹ mọ́ra lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń bójú tó o fi ń lé ẹyẹ kúrò níbẹ̀, torí ẹyẹ tó bá wọ ẹ̀ńjìnnì bàálù lè ba nǹkan jẹ́ gan-an. Ẹ má na awò sí ọgbà wọn. Amìrù tó wà níbẹ̀, ẹ lè rí i lórí ilẹ̀ ẹ̀fọ́.

Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́bàá omi ló kọ́ mi ní ohun tí n kò rí nínú ìwé kankan. Mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, wọ́n dáhùn, wọ́n sì bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo nawọ́ sí amìrù.

"Àwọn onísáré yẹn? Tí ẹ bá ti rí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, tí wọn ò kúrò, ìdin ló wà níbẹ̀. Mo máa ń lọ wo ìdí ẹ̀fọ́ mi ni."

"Ṣé wọn kì í bà yín ní ẹ̀fọ́ jẹ́, Màmá?"

"Wọn ò fẹnu kan ewé rí. Ológoṣẹ́ ló ń bá mi jà. Àwọn wọ̀nyí, mi ò kí ń lé wọn. Tí òjò bá ti dé báyìí, ẹ ò ní rí wọn mọ́."

Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ sílẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: oúnjẹ ẹyẹ náà, àǹfààní rẹ̀ fún àgbẹ̀, àti àsìkò tó máa lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé oko, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi.

Ó yẹ kí ẹ mọ àwọn tó jọ amìrù, kí ẹ má bàa pe onílé ní àlejò. Ẹyẹ kan wà tó dúdú tó funfun, tí òun náà ń mi ìrù, tó máa ń wà lórí òrùlé àti létí gọ́tà ní gbogbo ọdún. Ọmọ ilé ni, mọ̀lẹ́bí amìrù. Òmíràn wà létí omi gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ẹrẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ gùn, gbogbo ìdí rẹ̀ ló sì ń mì. Common sandpiper nìyẹn, àlejò ẹ̀ẹ̀rùn láti Yúróòpù ni òun náà, ṣùgbọ́n etí kánáàlì ni yóò wà, kì í sábà gun bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó tóbi ju amìrù lọ, tí àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí ìlà dúdú sì yí ọrùn rẹ̀ ká, ọmọ ilé ni nínú pápá koríko.

Àwọn àlejò mìíràn wà tí kò ti Yúróòpù wá. Lékeléke tí àwọn ọmọdé ń fi èékánná ṣeré sí nígbà tó bá ń fò kọjá, òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pamọ nígbà òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòdì tó ń yí po lókè ọjà Òṣòdì: bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ló ń pín ẹyẹ fún wa ní ilẹ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí òtútù àti ooru ṣe ń pín in fún àwọn ará Yúróòpù.

Àwa kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa wo amìrù nílẹ̀ Yorùbá. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ń mú ẹyẹ yìí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń tú u sílẹ̀. Peter Ward tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1964 lórí ọ̀rá tó ń wà lára amìrù tó ń lo ẹ̀ẹ̀rùn ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ní 1966, òun, J. H. Elgood àti R. E. Sharland tún jọ tẹ ìròyìn gígùn kan jáde lórí gbogbo ẹyẹ tó ń ti ìhà àríwá ayé wá sí Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù fún wa nínú iṣẹ́ Ward ni pé ẹyẹ yìí ń kó ọ̀rá sára kó tó gbéra padà. Aṣálẹ̀ tó fẹ̀ ju kìlómítà 1,500 lọ ló fẹ́ là kọjá, oúnjẹ kò sì tó nǹkan lójú ọ̀nà. Ọ̀rá tó fi ń fò yẹn, lára eṣinṣin ìdí tẹ̀tẹ̀ wa ló ti rí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn oṣù Kẹta ju gbogbo oṣù ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Àwọn akọ á ti pààrọ̀ ìyẹ́. Àwọ̀ tó ti ṣá ní oṣù Kẹwàá á wá mọ́lẹ̀, orí wọn á sì hàn kedere. Lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ẹ lè rí èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run tó dà pọ̀ mọ́ eérú, tí ìlà funfun wà lókè ojú rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Yúróòpù ni irú rẹ̀ ti ń pamọ. Ẹ lè rí òmíràn tí orí rẹ̀ ṣú, tí kò ní ìlà funfun rárá. Àríwá Yúróòpù ni tirẹ̀, lápá Sweden àti Finland. Èyí tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ló sábà máa ń pẹ́ kó tó lọ, torí yìnyín kì í tètè kúrò nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò rí i tí àwọn kan ti lọ tán tí àwọn kan ṣì ń jẹun.

Wọ́n máa ń sọ pé àwòrán pápákọ̀ Schiphol ní ìlú Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ pápákọ̀ wa tí wọ́n ṣí ní 1979. Ilẹ̀ oko ọ̀dùnkún àti àlìkámà wà yí ká Schiphol, amìrù sì ń pamọ nínú irú oko bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands. Oko níbẹ̀, oko níbí: ọwọ́ àgbẹ̀ ni ẹyẹ yìí wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìrìn rẹ̀.

Ẹ̀rí pé oko wa ṣe pàtàkì fún irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ tún wá láti Jọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2001, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ yìí. Lórí ilẹ̀ oko ìtòsí ibẹ̀, àwọn olùwádìí Emma Blackburn àti Will Cresswell fi òrùka aláwọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní whinchat, ẹyẹ kékeré tó máa ń jókòó sórí pòròpórò ọkà àti àgbàdo gbígbẹ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sàmì sí padà wá sórí ilẹ̀ tí wọ́n lò lọ́dún àkọ́kọ́ gan-an. Wọ́n fò lọ sí Yúróòpù, wọ́n pamọ, wọ́n la Sàhárà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún rí oko kan náà. Ìwádìí náà tún fi hàn pé àwọn ẹyẹ yìí kì í sábà kú ní àsìkò tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ oko wa ń tọ́jú wọn.

Lọ́hùn-ún, wọn ò rọ́wọ́ mú tó bẹ́ẹ̀. Ní Britain, amìrù wọ ìwé pupa àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu ní 2009. Whinchat tẹ̀ lé e ní 2015. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáko lóde òní wà lára ohun tó dín wọn kù. Bí ilé wọn kan bá ń bàjẹ́, èyí tó kù kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ wá wo Ìsọlọ̀. Ìlú Àwórì ni, àgbẹ̀ àti apẹja ló fi ìdí rẹ̀ sọlẹ̀. Pápákọ̀ gba ilẹ̀, ilé iṣẹ́ gba ilẹ̀ ní Ìlasamájà, ìjọba Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù ní Òkè-Àfá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ọmọ èèyàn gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó kù wá di èyí tó wà lẹ́bàá kánáàlì, èyí tí òfin fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí a kọ́lé sí, torí omi. Ilẹ̀ yẹn ni àwọn kan ń wò tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ òfìfo, tí wọ́n ń da yanrìn àti pàǹtírí sí.

Kò ṣófo. Inú omi Òkè-Àfá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kú sí nígbà tí wọ́n ń sá fún ìbúgbàù bọ́ǹbù àgọ́ ológun Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, gbogbo ìlú ló sì ń rántí wọn. Orí ilẹ̀ yẹn ni ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ ní Èjìgbò àti Ìsọlọ̀ ti ń wá. Òun ló ń gba omi òjò tí ì bá wọ yàrá wa. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin, òun tún ni ilé amìrù. Bí wọ́n bá da yanrìn bò ó nígbà òjò, ẹyẹ tó bá padà dé ní oṣù Kẹwàá yóò balẹ̀ sórí ilẹ̀ tó mọ̀, kò sì ní bá ìdin kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń lé ẹyẹ ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbẹ̀ tó bá fọ́n ọn lójoojúmọ́ ti pa oúnjẹ ẹyẹ, májèlé rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ẹ̀fọ́ dé ìkòkò ọbẹ̀. Màmá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ kí amìrù ṣe nínú iṣẹ́ pípa kòkòrò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ kí irú wọn pọ̀ sí i, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìlú ka ilẹ̀ ẹ̀fọ́ ẹ̀gbẹ́ omi mọ́ ohun tí ìlú ní.

Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Àkọsílẹ̀ ni a lè fi sọ̀rọ̀. Láti 2015 ni àwọn tó ń wo ẹyẹ ní Nàìjíríà ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń fi fóònù kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀ lórí áàpù BirdLasser. Ó kéré tán, wákàtí méjì ni ẹ máa fi wo onígun mẹ́rin kan kí àkọsílẹ̀ yín tó pé. Kò pọn dandan kí ẹ lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà ní Lekki kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò yín, níbi tí ẹ ti mọ àgbẹ̀ tó ń dáko àti bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Ẹ kọ ọjọ́ tí amìrù àkọ́kọ́ dé sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn lọ, ẹ sì kọ ohun tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ náà. Ẹ má gbàgbé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kánáàlì, ìwé yín ni ẹ ó fi dá a lóhùn, orúkọ ẹ̀fọ́ àti orúkọ ẹyẹ yóò sì wà lójú ewé kan náà.